Orí Kẹfà: Ọkọ̀ Kì Í Dúró Níbi Tí Ẹsẹ̀ Ti Tẹ Bíréèkì

Ìbéèrè kan wà tí kì í sábà wọ́n nínú ìdánwò alákọsílẹ̀ tí àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ máa ń ṣe kí wọ́n tó gba láísẹ́ǹsì: eré mélòó ló yẹ kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sá láàárín ìlú? Ìdáhùn rẹ̀ ni kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ ló ti há a sórí kí wọ́n tó jókòó ìdánwò, wọ́n á mú un, wọ́n á sì gba máàkì. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí kò fi jẹ́ 60 tàbí 70, ọ̀rọ̀ á pèsì jẹ. Wọ́n á ní ìjọba ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì gbà pé torí ìjọba lòún ṣe ń sá 50, ọjọ́ tí kò bá sí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó nítòsí ni yóò sá 80 kọjá níwájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tó fi jẹ́ 50 kò sí lọ́wọ́ ìjọba. Ara ènìyàn àti ọ̀dà ojú títì ló wà. Ọ̀pọ̀ jù lọ òfin tí ẹ ó pàdé nínú ìwé òfin ìrìnnà, láti orí eré sísá dé orí táyà, dé orí bẹ́líìtì, orí òtítọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n dúró lé: ọkọ̀ tó ń sáré kì í dúró níbi tí awakọ̀ ti fẹ́ kó dúró. Ó máa ń gba àyè, àyè náà sì máa ń pọ̀ ju bí ojú ṣe wọ̀n ọ́n lọ. Ẹni tí àyè yìí bá yé kò ní máa há ìwé sórí títí ilẹ̀ á fi mọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ìdáhùn ni yóò lè fi làákàyè wá fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú títì àdúgbò kan. Ọmọdé kan sá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù bọ́ sójú ọ̀nà. Ojú awakọ̀ rí i, ojú ránṣẹ́ sí ọpọlọ, ọpọlọ wò ó pé ọmọ ni, pé ewu dé, òun náà ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ kúrò níbi tó ti ń tẹná, ó bọ́ sórí bíréèkì. Fún ẹni tí ara rẹ̀ dá, tí ojú rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà, gbogbo èyí lè gba ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀. Ọkọ̀ kò dúró dè é. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, nítorí náà yóò ti lọ mítà 21 kí bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Lẹ́yìn ìyẹn, bí bíréèkì bá dáa, tí ọ̀dà gbẹ, tí táyà sì di ilẹ̀ mú, yóò tún tó mítà 14 mìíràn kó tó dúró pátápátá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 35.

Ẹ wá gbà pé ibi tí ọmọ yẹn wà jẹ́ mítà 36 sí ọkọ̀. Ẹni tó ń sá 50 yóò dúró, ọmọ yóò sì wà láàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ báyìí ló kù. Ẹ gbé awakọ̀ kejì síbẹ̀: bíréèkì kan náà, táyà kan náà, ojú tó mọ́ kedere bíi ti ẹni àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n 60 ló ń sá. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bíréèkì, ó ti lọ mítà 25. Mítà 11 ló kù fún un, kò sì lè tó o. Nígbà tó bá dé ibi tí ọmọ náà wà, ọkọ̀ rẹ̀ ṣì ń sá nǹkan bíi 40. Kìlómítà mẹ́wàá péré ló fi ju ẹni àkọ́kọ́ lọ, ẹni àkọ́kọ́ dúró pátápátá, òun gbá ọmọ pẹ̀lú eré tó lè pa á. Awakọ̀ kẹta ń sá 100. Tiẹ̀ kò ṣòro láti ṣírò. Mítà 42 ni ọkọ̀ rẹ̀ yóò rìn kí ẹsẹ̀ tó dé orí bíréèkì, ibi tí ọmọ wà kò sì ju mítà 36 lọ. Yóò gbá a lórí 100 gan-an, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣe ohunkóhun. Ẹlẹ́rìí á máa sọ pé awakọ̀ náà ò tiẹ̀ tẹ bíréèkì, wọ́n á bú u pé ìkà ni. Ó ṣeé ṣe kí ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Kò sí àyè ni.

Mo bẹ ẹ̀yin tó ń kọ́ ọkọ̀ pé kí ẹ tún ìpínrọ̀ òkè yìí kà kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí eré ọkọ̀ bá kúrò ní 50 bọ́ sí 65, ewu pé kí ẹni tí iwájú ọkọ̀ gbá kú a máa ga ní ìlọ́po mẹ́rin ààbọ̀. Àjọ yẹn kan náà ló sọ pé ìjàǹbá ọkọ̀ ló ń pa àwọn ọmọ àti ọ̀dọ́ láti ọdún 5 sí 29 jù lọ lágbàáyé, ju àìsàn èyíkéyìí lọ. Ìdí nìyí tí orí yìí fi wà nínú ìwé ìlera.

Ohun tó ń tan àwọn awakọ̀ jẹ ni pé wọ́n rò pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, ewu náà di ìlọ́po méjì. Rárá o. Agbára tí bíréèkì ní láti pa di ìlọ́po mẹ́rin. Lórí 50, mítà 14 ni bíréèkì gbà. Lórí 100, mítà 56 ni. Ẹ fi mítà 42 tí ọkọ̀ ti rìn kí ẹsẹ̀ tó tẹ bíréèkì kún un, ó di 98, ìyẹn sì ju gígùn pápá ìṣeré tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa lọ. Bí ọkọ̀ bá fi eré 50 lu ògiri, ohun tí yóò ṣe fún ara ẹni inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí pé kí ẹni náà já bọ́ láti òkè mítà 10. Bó bá fi 100 lù ú, mítà 39 ni, ìyẹn tó nǹkan bí àjà kẹwàá Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn. Kò sí ẹni tí yóò gun orí Ilé Kòkó lọ fi ara rẹ̀ ṣeré. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, à ń fi ara wa ṣeré lójoojúmọ́.

Bí ẹ bá ti mọ èyí, òǹkà eré tó wà nínú ìwé FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìjọba àpapọ̀, kò ní dàrú mọ́ yín lójú. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́: 50 láàárín ìlú, 80 lójú ọ̀nà láti ìlú dé ìlú, 100 lójú ọ̀nà márosẹ̀. Takisí àti bọ́ọ̀sì akérò: 50, 80, àti 90. Tírélà àti ọkọ̀ agbépo: 45, 50, àti 60. Kí ló dé tí ti tírélà fi kéré tó bẹ́ẹ̀? Ẹrù rẹ̀ pọ̀, bíréèkì rẹ̀ sì máa ń gbóná. Bíréèkì tó bá gbóná jù a máa sọ agbára nù, pàápàá níbi ìsọ̀kalẹ̀ tó gùn, ìdí sì nìyẹn tí ìwé fi ní kí awakọ̀ wọ jíà kékeré kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, kó má dúró dìgbà tó bá dé àárín òkè. Ti ọkọ̀ agbépo tún le sí i, nítorí epo inú rẹ̀ kò dúró sójú kan. Bí ọkọ̀ bá yà ní kọ́nà, epo á rọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á sì máa fà á ṣubú. Nítorí náà, bí ẹ bá ya tírélà sílẹ̀, ẹ má ṣe já pàdé rẹ̀ níwájú kí ẹ sì tẹ bíréèkì. Awakọ̀ rẹ̀ kò lè dúró fún yín, bó ti wù kó fẹ́ tó.

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń pe òfin wọ̀nyí ní òfin òyìnbó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ni ìjà fún wọn ti gbóná nílẹ̀ wa, nígbà tí ìjàǹbá ń pa àwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Wọlé Ṣóyínká, tó ń kọ́ni níbẹ̀, gbé ọ̀rọ̀ náà lé orí, wọ́n sì dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1977. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀ ní 1988, òun ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́.

Ìbéèrè kejì tí kì í wọ́n ni ti àyè tó yẹ kó wà láàárín ọkọ̀ yín àti ọkọ̀ iwájú. Àwọn kan a máa fi mítà há a sórí, ṣùgbọ́n ta ló ń wọn mítà lórí eré? Àkókò ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ fojú sí òpó iná kan tàbí pátákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bí ìdí ọkọ̀ iwájú bá ti kọjá ibẹ̀, ẹ rọra sọ ọ́ pé: “Mo fẹ́ délé láyọ̀, èmi àti ará ọkọ̀.” Gbólóhùn yẹn tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bí imú ọkọ̀ yín bá dé ibi òpó náà kí ẹ tó sọ ọ́ tán, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀nà tàbí tí ẹ wà lẹ́yìn ọkọ̀ gíga tí kò jẹ́ kí ẹ rí iwájú, ẹ tún fà sẹ́yìn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo mọ èsì tí ará Èkó máa fún mi: bí mo bá fi àyè sílẹ̀, dáńfó á já wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, á já wọ̀ ọ́. Ẹ fà sẹ́yìn, kí ẹ ṣe àyè mìíràn. Ẹ ṣírò ohun tí ẹ pàdánù: ìṣẹ́jú àáyá méjì lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá já wọlé. Bí ọgbọ̀n ọkọ̀ bá já wọlé láti Ọ̀jọ́ta títí dé Ìbàdàn, ìṣẹ́jú kan péré ni ẹ fi pẹ́ dé ju ẹni tó ń gbá ìdí ọkọ̀ ẹlòmíràn mọ́ra ní gbogbo ọ̀nà.

Òjò àkọ́rọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni eruku, epo tó ń kán àti lúbúlúbú rọ́bà táyà ti ń kó jọ sójú ọ̀dà. Òjò àkọ́kọ́ á pò wọ́n pọ̀, ojú ọ̀nà á máa yọ̀, kò sì ní dáa títí òjò tó pọ̀ yóò fi fọ̀ ọ́ lọ. Lórí ọ̀nà tó tutù, ẹ ka iye mítà tí bíréèkì ń gbà sí ìlọ́po méjì. Lórí 100, àpapọ̀ rẹ̀ á ju mítà 150 lọ. Àwọn ilà tó wà lójú táyà, torí òjò ni wọ́n ṣe wà níbẹ̀: àárín wọn ni omi ń gbà jáde kí rọ́bà lè kan ọ̀dà. Bí táyà bá ti dán, tí eré sì pọ̀, omi á gbé ọkọ̀ sókè, táyà kò ní kan ilẹ̀ mọ́. Ẹ ó mọ̀ ọ́n, nítorí ìdarí ọkọ̀ á ṣàdédé fúyẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ má ṣe tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ẹ má sì ṣe yí ọwọ́ sọ́tùn-ún sósì. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ mú ìdarí gbọin-gbọin sí iwájú, eré á dín, táyà á sì tún di ilẹ̀ mú.

Ọ̀rọ̀ táyà kò tíì tán, nítorí ibẹ̀ ni mo rò pé a ti ń fi owó díẹ̀ ra ikú jù lọ. Lára táyà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ìlà yẹn ni ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. FRSC máa ń kìlọ̀ pé kí a má lo táyà tó bá ti ju ọdún mẹ́rin lọ. Ìṣòro táyà tòkunbọ̀ nìyí: ilà ojú rẹ̀ lè jinlẹ̀, kó rí bíi tuntun, ṣùgbọ́n rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ nínú. Rọ́bà ń gbó bí ọkọ̀ kò tiẹ̀ rìn. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tí kò tó tún wà níbẹ̀. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó a máa tẹ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ti ń yí, títẹ̀ yẹn ń mú un gbóná, ooru ọ̀sán á kún ti inú rẹ̀, ibi tí ó ti ń bẹ́ nìyẹn. Òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn jìnnà, ni kí ẹ jẹ́ kí fọganáísà wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀, kó sì tẹ̀ lé iye tó wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà awakọ̀, kó má ṣe iye tó bá wù ú. Bí ó bá bẹ́ lórí eré, ọwọ́ méjèèjì lórí ìdarí, ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kí ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ dín eré kù kí ẹ tó rọra kúrò lójú ọ̀nà. Bíréèkì títẹ̀ lójijì ló ń dojú ọkọ̀ dé.

Àmì ojú ọ̀nà kò le. Onígun mẹ́ta tí etí rẹ̀ pupa ń kìlọ̀, róbótó ń pàṣẹ, onígun mẹ́rin ń júwe. Àmì “Dúró” nìkan ló ní igun mẹ́jọ, àmì “Fún ẹlòmíràn láyè” nìkan sì ni onígun mẹ́ta tó dorí kodò, kí ènìyàn lè dá wọn mọ̀ bí eruku bá tilẹ̀ bò wọ́n, tàbí bó jẹ́ ẹ̀yìn wọn ló ń wò.

Ráńdàbáòtù ló ń da ọ̀pọ̀ láàmú, mo sì mọ ohun tó fà á. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò ní apá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún ọ̀nà. Ẹni tó wá ń fi ìwé tàbí fídíò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọkọ̀ á gbọ́ pé ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀tún ló ni àyè. Lọ́dọ̀ wọn, òótọ́ ni. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ti wà nínú ráńdàbáòtù, tó ń bọ̀ láti apá òsì yín, ló ni ín. Ẹ dúró dè é.

Ohun kan wà tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe tó yẹ kí àwa náà ṣe. Ọmọ wa tó bá lọ gbé lọ́dọ̀ wọn lè fi láísẹ́ǹsì Nàìjíríà wakọ̀ fún oṣù 12, lẹ́yìn náà yóò ṣe ìdánwò tiwọn. Ìbéèrè 50 ni, 43 ló gbọ́dọ̀ gbà kó tó yege. Láti ọdún 2002, wọ́n tún ń fi fídíò títì hàn wọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa tẹ bọ́tìnì bó bá ti rí ewu tó ń rú yọ. Bó bá tètè rí i, máàkì rẹ̀ á pọ̀. Ewu tí a rí ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣáájú, mítà 14 ló fi kún àyè wa lórí 50. Kò dìgbà tí a bá ní fídíò. Nígbà tí ẹ bá jókòó sí iwájú nínú bọ́ọ̀sì, ẹ máa wo ọ̀nà bí awakọ̀, kí ẹ máa dárúkọ ewu kó tó dé. Kọ̀ǹdọ́kítọ̀ tó ń rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn dáńfó yọ ọwọ́ síta: bọ́ọ̀sì yẹn fẹ́ já sí yín lójú. Ẹsẹ̀ ọmọ kékeré hàn lábẹ́ ọkọ̀ tó dúró: ó fẹ́ sọdá. Ọ̀kadà kan ń wo ẹ̀yìn léraléra: ó fẹ́ yà. Ewúrẹ́ kan sọdá: èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Fóònù ò ní gbà wá lásìkò púpọ̀, nítorí kò sí ohun tí a lè bá a dúnàádúrà lé lórí. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tí ènìyàn fi ka iṣẹ́ orí fóònù, lórí 100, tó nǹkan bíi mítà 139 tó rìn láìrí ọ̀nà. Ọtí náà bẹ́ẹ̀: ó ń fa ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ tí ẹsẹ̀ fi ń dé orí bíréèkì gùn, ó sì ń jẹ́ kí ẹni tó mu ún rò pé òun já fáfá sí i. Èyí tí àwọn ènìyàn kì í fura sí ni oògùn. Piriton tí à ń lò fún ara yíyún àti kátáà a máa kunni lóorun. Oògùn ikọ́ tí kòdíìnì wà nínú rẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá lo wọ́n, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún ẹlòmíràn. Oorun kì í sì gbọ́ rédíò, kì í gbọ́ obì àti orógbó. Bí ojú bá ti ń wúwo, ibi tí ọ̀nà ti fẹ̀ tó dáa ni kí ẹ wà lọ, kí ẹ sùn díẹ̀.

Bẹ́líìtì ni òfin tí àwọn èrò ẹ̀yìn ọkọ̀ ń ṣàìkà sí jù, àwọn abiyamọ sì ń gbẹ́kẹ̀ lé apá wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìṣirò yìí láìsí ìbínú. Bí ọkọ̀ tó ń sá 50 bá lu nǹkan tó sì dúró láàárín ìdajì mítà, gbogbo ohun inú rẹ̀ yóò wúwo tó ìlọ́po ogún ìwọ̀n wọn. Ọmọ kílò mẹ́wàá á di igba kílò. Kò sí apá ìyá tó lè dì í mú, bó ti wù kí ìfẹ́ pọ̀ tó. Ìjókòó ọmọdé ní ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ibi tiẹ̀. Àgbàlagbà tí kò de bẹ́líìtì lẹ́yìn á fò lu ẹni tó wà níwájú rẹ̀.

Ó ku bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà. Ìdánwò á bi yín pé kí ni ẹ máa kọ́kọ́ ṣe. Iná ìkìlọ̀ ọ̀tún àti òsì ni kí ẹ tàn, kí ẹ ti ọkọ̀ kúrò lójú títì bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì gbé C-caution, àmì ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta, kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé e sí ìṣísẹ̀ márùn-ún sí ìdí ọkọ̀. Ẹ padà sí ìṣirò wa: ẹni tó ń bọ̀ lórí 100 nílò mítà 98 kó tó dúró, nígbà tí ọ̀nà gbẹ. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, ẹ ka ìṣísẹ̀ ńlá tó ọgọ́rùn-ún sẹ́yìn kí ẹ tó gbé e kalẹ̀, ẹ máa rin etí ọ̀nà, kí ẹ sì kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Bí kọ́nà tàbí orí òkè bá wà lẹ́yìn yín, ẹ gbé e kọjá rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí i kó tó yọ sí yín. Kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n dúró lẹ́yìn irin etí ọ̀nà tàbí nínú koríko tó jìnnà sí títì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó sínú ọkọ̀ de mẹkáníìkì. Bí ọkọ̀ bá sì ti gbéra, ẹ kó òkúta, igi àti ewé tí ẹ bá tò sílẹ̀ láti fi kìlọ̀ kúrò lójú ọ̀nà pátápátá, nítorí ọ̀kadà tó ń bọ̀ lóru kò ní mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀.